Pàṣán Tí A Fi Na Ìyálé: Aṣòfin Tó Dìbò fún Òfin, Tí Kò Dìbò fún Ẹgbẹ́

Ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún ọdún 2006, ìṣirò kan tí ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe forí ṣánpọ́n ní Àbújá. Aṣòfin 109 ló wà ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà. Kí ẹnikẹ́ni tó lè tún ìwé òfin ilẹ̀ wa ṣe, ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn, ìyẹn ènìyàn 73, gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Nínú ìbò ọdún 2003, ẹgbẹ́ PDP nìkan gba ìjókòó 76. Ààrẹ tó wà lórí oyè, ọmọ PDP ni. Ken Nnamani tó jẹ́ olórí ilé, ọmọ PDP ni. Igbákejì rẹ̀, Ibrahim Mantu, tó ṣáájú ìgbìmọ̀ tó ń tún ìwé òfin yẹ̀ wò, ọmọ PDP náà ni. Bó bá jẹ́ pé ẹgbẹ́ ló ń dìbò, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Àmọ́ nígbà tí Nnamani bi ilé léèrè bóyá kí àbádòfin tó fẹ́ tún ìwé òfin ṣe tẹ̀ síwájú, ohùn àwọn tó ní “bẹ́ẹ̀ kọ́” ló bo ilé mọ́lẹ̀.

Ohun tó wà nínú àbádòfin ọ̀hún kì í ṣe kékeré. Abala 137 ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé ẹni tí aráàlú bá ti dìbò yàn sípò ààrẹ lẹ́ẹ̀mejì kò lẹ́tọ̀ọ́ láti tún du ipò náà mọ́. Abala 182 sọ ohun kan náà fún gómìnà. Wọ́n ti yan Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ní 1999, wọ́n tún yàn án ní 2003. Àbádòfin náà fẹ́ ṣílẹ̀kùn sáà kẹta fún ààrẹ àti fún àwọn gómìnà. Àtúnṣe mìíràn tí kò kan sáà kẹta rárá pọ̀ nínú rẹ̀, ó sì ní èyí tó dára nínú wọn; ṣùgbọ́n inú ẹrù kan náà ni wọ́n di gbogbo rẹ̀ sí. Aṣòfin tó fẹ́ràn àwọn yòókù ní láti pinnu bóyá tìtorí wọn ni òun yóò ṣe gbé sáà kẹta mì. Nígbà tí ilé da ẹrù náà nù, rere àti búburú inú rẹ̀ jọ lọ ni.

Ọbásanjọ́ ti sọ ọ́ léraléra láti ìgbà náà pé òun kò bẹ ẹnikẹ́ni fún sáà kẹta. Ẹ jẹ́ ká gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà níwájú ilé lọ́jọ́ náà kì í ṣe ohun tó wà lọ́kàn ààrẹ. Ìwé ni, àwọn aṣòfin sì kà á.

Wọn kì í ṣe áńgẹ́lì

Kí a má tan ara wa jẹ. Kì í ṣe ìfẹ́ òfin nìkan ló mú kí gbogbo àwọn tó kọ àbádòfin náà kọ̀ ọ́. Àwọn kan fẹ́ kí ipò ààrẹ padà sí Àríwá. Àwọn kan wà lẹ́yìn Igbákejì Ààrẹ Atiku Abubakar, tí àárín òun àti ọ̀gá rẹ̀ ti dàrú pátápátá nígbà náà. Àwọn kan fẹ́ di gómìnà ní ìpínlẹ̀ wọn ní 2007, wọ́n sì mọ̀ pé bí gómìnà tó wà níbẹ̀ bá rí sáà kẹta gbà, àwọn ti jókòó nìyẹn. Ẹ̀sùn owó sì ń jà ràn-ìn káàkiri: wọ́n ní àádọ́ta mílíọ̀nù náírà ni wọ́n fi ń lọ aṣòfin kọ̀ọ̀kan tó bá máa gbà.

Bí èrò ọkàn wọn bá wá rí báyìí, kí ló dé tí a fi ń pe ìbò náà ní ìbò ìwé òfin? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é. Nnamani kò jẹ́ kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́rí jíròrò. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn AIT gbé àríyànjiyàn náà sáfẹ́fẹ́ bó ṣe ń lọ. Aṣòfin á dìde, á sọ orúkọ ẹkùn rẹ̀, á sì sọ bóyá òun gbà tàbí òun kọ̀, àwọn tó rán an níṣẹ́ sì jókòó ti tẹlifíṣàn nílé, wọ́n ń gbọ́ ọ. Àyè kò sí mọ́ láti sọ ohun kan ní ilé ìtura lóru kí a wá sọ òmíràn lójú ayé. Àwọn tí èyí kò dùn mọ́ nínú mọ agbára rẹ̀ dáadáa: nínú oṣù kan náà, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba ya wọ ilé iṣẹ́ AIT ní Àbújá, wọ́n sì gba téèpù ètò kan tó dá lórí ìtàn àwọn tó ti gbìyànjú rí láti fa sáà ìjọba gùn.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ti di ti gbangba, aṣòfin kò lè fi “ọ̀gá ló ní kí n ṣe é” ṣàlàyé mọ́. Ó di dandan kó mú àlàyé tí yóò ta létí àwọn tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ wá, àlàyé irú ẹ̀ kan ṣoṣo ló sì wà nílẹ̀: ohun tí ìwé òfin sọ, àti ìdí tó fi sọ ọ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ nìkan ń jẹ lọ́kàn pàápàá ní láti fi èdè òfin sọ ọ́. Lẹ́yìn tó ti sọ ọ́ lójú gbogbo ayé, kò rọrùn fún un láti tún yí i padà.

Ohun tí aṣòfin búra fún

Kò sí aṣòfin tó ń jókòó ní Àbújá tàbí ní ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ tí kì í kọ́kọ́ búra. Ọ̀rọ̀ ìbúra náà wà lẹ́yìn ìwé òfin, ẹnikẹ́ni lè ṣí i kà. Aṣòfin búra pé òun yóò ṣe iṣẹ́ òun ní ìbámu pẹ̀lú ìwé òfin, pé òun yóò pa á mọ́, òun yóò dáàbò bò ó, òun yóò sì gbèjà rẹ̀. Kò sí orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú kankan nínú ìbúra náà. Kò sí orúkọ ààrẹ, kò sí ti gómìnà, kò sí ti bàbá ìsàlẹ̀.

Ìwé òfin kan náà sì fi ààyè sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ mú ìbúra yìí ṣẹ. Abala 68 sọ ohun tó lè mú kí aṣòfin pàdánù ìjókòó rẹ̀. Tó bá fi ẹgbẹ́ tó gbé e wọlé sílẹ̀ lọ sí òmíràn láìsí ìpínyà tàbí ìdàpọ̀ nínú ẹgbẹ́ náà, ìjókòó lè bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Àmọ́ kò sí ibi kankan nínú abala náà tó ti sọ pé aṣòfin tó bá dìbò takò ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ yóò fi ìjókòó sílẹ̀. Ẹgbẹ́ lè bínú sí i, wọ́n lè du tíkẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà ìbò tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò lè lé e kúrò nílé lónìí. Òfin ti dáàbò bò ó tán. Ìgboyà ló kù fún un.

Ènìyàn 18 ní ilé ìtura

Ọdún 2006 kan náà ló bí òdìkejì ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Àbújá, Ìbàdàn ló sì ti ṣẹlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kejìlá ọdún 2005, nígbà tí aṣòfin 18 nínú 32 tó wà ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kóra jọ. Wọn kò jókòó sí gbọ̀ngàn ilé aṣòfin ní Sẹkitéríàtì Àgódi. Ilé ìtura D’Rovans ní Ring Road ni wọ́n lọ. Níbẹ̀ ni wọ́n ti gbé ẹ̀sùn kalẹ̀ láti yọ Gómìnà Rashidi Ládọjà nípò. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kìíní ọdún 2006, wọ́n ní àwọn ti yọ ọ́, igbákejì rẹ̀, Adébáyọ̀ Àlàó-Akálà, sì rọ́pò rẹ̀.

Gbogbo Ìbàdàn ló mọ̀ pé àárín Ládọjà àti Olóyè Lamidi Adédibú, bàbá ìsàlẹ̀ òṣèlú ìlú náà, ti dàrú. Ẹni tó bá fẹ́ràn Ládọjà lè bínú, ẹni tó bá kórìíra rẹ̀ lè yọ̀. Òfin kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ìyẹn. Ohun tí abala 188 béèrè kò fara sin: kí wọ́n kọ ẹ̀sùn sílẹ̀, kí ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ilé gbà pé kí a wádìí, kí adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ yan ènìyàn méje tí yóò ṣe ìwádìí, kí gómìnà rí ààyè ṣàlàyé ara rẹ̀, kí ìdá méjì nínú mẹ́ta sì tún fọwọ́ sí àbájáde rẹ̀. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ènìyàn 32 jẹ́ 22. Ènìyàn 18 kì í ṣe 22. Bí wọ́n bá ṣe é ní gbọ̀ngàn, wọn kò pé; wọ́n tún wá lọ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ilé ìtura.

Olórí ilé aṣòfin náà, Adéolú Adélékè, wà lára àwọn tó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Ìbàdàn fagi lé ìyọnípò náà. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Àbújá fi òǹtẹ̀ lù ú. Ìwé òfin ní gbólóhùn kan tó dà bíi pé ó ní kí ilé ẹjọ́ má dá sí ọ̀rọ̀ ìyọnípò gómìnà. Adájọ́ Niki Tobi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dáhùn pé gbólóhùn náà kò lè dáàbò bo ẹni tí kò tẹ̀lé ìlànà tí abala yẹn kan náà là sílẹ̀. Ládọjà padà sí ọ́fíìsì lẹ́yìn oṣù mọ́kànlá. Ládọjà yìí kan náà ló gorí ìtẹ́ Olúbàdàn ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025.

Ẹ fi ilé méjèèjì wéra. Ní Àbújá, iye tí ẹgbẹ́ ní pé, síbẹ̀ ilé kọ̀. Ní Ìbàdàn, iye kò pé, síbẹ̀ àwọn kan ṣe bíi pé ó pé. Ní Àbújá, tẹlifíṣàn wà níbẹ̀. Ní Ìbàdàn, yàrá ilé ìtura ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe pé àwọn ti Àbújá ní ìwà ju àwọn ti Ìbàdàn lọ. Ibi tí wọ́n jókòó sí àti ọ̀nà tí wọ́n gbà ló yàtọ̀.

Àga tó fò ní Àgódi

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wa. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1962, nígbà tí ìjà Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá ti pín ẹgbẹ́ Action Group sí méjì, aṣòfin 66 fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn, Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí, pé àwọn kò sí lẹ́yìn Akíntọ́lá, olórí ìjọba agbègbè náà, mọ́. Gómìnà yọ Akíntọ́lá, ó sì fi Alhaji Dáwódù Adégbẹ́nró síbẹ̀. Ọjọ́ 25 ni ilé jókòó láti dìbò lórí rẹ̀. Ìbò kò wáyé. Aṣòfin kan fò sórí tábìlì, ó ń pariwo pé iná ń jó lórí òkè. Àga ń fò lókè. Òmíràn gbá ọ̀pá àṣẹ mú, ó fẹ́ fi la olórí ilé lórí, ọ̀pá náà sì kán. Ọlọ́pàá da tajútajú sínú gbọ̀ngàn, kálukú bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, ilé aṣòfin àpapọ̀ jókòó ní Èkó. Ìjọba Abubakar Tafawa Balewa, tí ẹgbẹ́ NPC àti NCNC jọ ń ṣe, gbé àbá ìjọba pàjáwìrì fún Ìwọ̀-Oòrùn kalẹ̀. Awólọ́wọ̀ tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ alátakò dìde takò ó. Wọ́n fi iye bò ó mọ́lẹ̀. Dókítà Moses Májẹ̀kódùnmí, mínísítà ètò ìlera, di alákòóso Ìwọ̀-Oòrùn títí dé òpin ọdún náà. Ìbéèrè tó yẹ kí aṣòfin bi ara rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni pé: ṣé ìjà inú gbọ̀ngàn kan ṣoṣo tó láti gba ìjọba agbègbè kan lọ́wọ́ àwọn tí aráàlú yàn? Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ wọn bi ara wọn ni pé: ta ni ọ̀rọ̀ yìí yóò pa lára? Action Group ló máa pa lára, nítorí náà NCNC gbà.

Èyí tó tún burú jù dé ní 1963. Ìgbìmọ̀ Privy Council ní London, ilé ẹjọ́ tó ga jù fún wa nígbà náà, dá Adégbẹ́nró láre. Ilé aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn, tí Akíntọ́lá àti NCNC jọ ń ṣàkóso nígbà náà, wá yí ìwé òfin agbègbè náà padà, wọ́n sì mú ọjọ́ tí òfin tuntun náà bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn dé 1960, kí ìdájọ́ náà má baà já mọ́ nǹkan kan. Òfin ni lóòótọ́. Ojú ẹnìkan ṣoṣo ni wọ́n wò kí wọ́n tó kọ ọ́.

Àwọn baba wa ní pàṣán tí a fi na ìyálé, ó wà lájà fún ìyàwó. Ọdún kan péré ló gbà. Ní 1964, Akíntọ́lá dá NNDP sílẹ̀, ó kó ọ̀pọ̀ ọmọ NCNC Ìwọ̀-Oòrùn lọ, ó sì bá NPC dòwò pọ̀. NCNC tó kù wá sá lọ bá Action Group, àwọn méjèèjì jọ dá UPGA sílẹ̀. Nígbà tí ìbò Ìwọ̀-Oòrùn ọdún 1965 dé, tí gbogbo ayé ń kígbe èrú, ara àwọn tí wọ́n rẹ́ jẹ ni NCNC wà. Ohun tí wọ́n dìbò fún ní Èkó ní 1962 ti jẹ́ kí ó di mímọ̀ pé ẹni tó bá ní iye lè fi òfin ṣe ohun tó bá wù ú. Ìgboro ń jó, wẹ́tíẹ̀ ń lọ, títí ìbọn àwọn ológun fi dá ọ̀rọ̀ náà dúró ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1966.

Ohun tí mo rí nínú ìtàn yìí nìyí: aṣòfin tó ń dìbò lórí ọ̀rọ̀ agbára gbọ́dọ̀ dìbò bíi pé ọ̀tá rẹ̀ ni yóò jogún agbára náà lọ́la. Bí ọkàn rẹ̀ bá gbà á bẹ́ẹ̀, kó gbà. Bí kò bá gbà á, kò yẹ kó fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà.

Nígbà tí ìwé kò sọ nǹkan kan

Ẹnìkan lè ní pé ìwé òfin kì í sọ ohun gbogbo. Òótọ́ ni, a sì rí i. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá ọdún 2009, wọ́n gbé Ààrẹ Umaru Yar’Adua lọ sí Saudi Arabia fún ìtọ́jú. Abala 145, bó ṣe wà nígbà náà, sọ pé ààrẹ gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí ilé aṣòfin kí igbákejì rẹ̀ tó lè di adelé. Ìwé kankan kò dé. Oṣù kan kọjá, èkejì kọjá, ìlú dúró láìní olórí. Nínú oṣù Kìíní ọdún 2010, ohùn Yar’Adua jáde lórí rédíò BBC láti orí ibùsùn àìsàn. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejì, ilé méjèèjì gbé ìpinnu kalẹ̀ pé kí igbákejì rẹ̀, Goodluck Jonathan, di adelé ààrẹ. Ilé aṣòfin àgbà tí David Mark ń darí ní ọ̀rọ̀ tí ààrẹ fẹnu ara rẹ̀ sọ létí gbogbo ayé ti tó lẹ́tà.

Ṣé ìbò ìwé òfin nìyẹn, àbí ìbò tó fo òfin kọjá? Àwọn agbẹjọ́rò bá ara wọn fà á gan-an. Èmi gbà pé ohun tí wọ́n ṣe tẹ̀lé e ló dá wọn láre. Wọn kò fi àrà ọ̀hún sílẹ̀ kó di àṣà. Wọ́n tún abala 145 kọ nínú àtúnṣe àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe sí ìwé òfin ọdún 1999: bí ọjọ́ 21 bá kọjá tí ààrẹ kò lè kọ̀wé tàbí tí kò kọ ọ́, àwọn tó pọ̀ jù ní ilé kọ̀ọ̀kan lè pàṣẹ kí igbákejì di adelé. Wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún gómìnà ní abala 190. Ojú Yar’Adua kò sí nínú òfin náà, ojú Jonathan kò sí níbẹ̀. Ààrẹ yòówù tí àìsàn bá dá gúnlẹ̀, láti ẹgbẹ́ yòówù, abẹ́ rẹ̀ ló wà.

Ohùn kò ṣeé kà

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde ìjọba pàjáwìrì ní ìpínlẹ̀ Rivers. Wọ́n dá gómìnà, igbákejì rẹ̀ àti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ náà dúró fún oṣù mẹ́fà. Abala 305 sọ pé irú ìkéde bẹ́ẹ̀ kò lè dúró bí ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ilé kọ̀ọ̀kan kò bá fọwọ́ sí i. Ìyẹn ni aṣòfin àgbà 73 àti aṣojú-ṣòfin 240. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn ìkéde náà, ilé méjèèjì fọwọ́ sí i. Ohùn ni wọ́n fi dìbò: ẹni tó gbà ní “bẹ́ẹ̀ ni”, ẹni tó kọ̀ ní “bẹ́ẹ̀ kọ́”, olórí ilé sì lu òòlù.

Ẹnikẹ́ni lè gbà pé ìjà tó wà ní Rivers nílò ìkéde náà. Ẹlòmíràn lè kọ̀. Kò sí ẹni tó lè fi etí ka 240. Bí òfin bá sọ iye, kíkà ni òfin ń béèrè. Lóòótọ́, ohùn náà ni wọ́n fi lé sáà kẹta lọ ní 2006. Àmọ́ ìtúnṣe ìwé òfin ló nílò iye; kíkọ̀ ọ́ kò nílò rẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kálukú ti dìde sọ tẹnu rẹ̀ lórí tẹlifíṣàn kí ìbò tó dé, orúkọ ti wà lára ọ̀rọ̀. Ìbò tí kò ní orúkọ, ẹni tó dì í lè sẹ́ ẹ lọ́la. Ẹni tó dìbò nítorí ẹgbẹ́ àti ẹni tó dìbò nítorí òfin yóò jọ fara pamọ́ sínú ariwo kan náà, aráàlú kò sì ní mọ èyí tó yẹ kí wọ́n tún rán níṣẹ́.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan èmi àti ẹ̀yin. Bí àtúnṣe ìwé òfin bá kọjá ní Àbújá, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36 gbọ́dọ̀ gbà á kó tó di òfin. Ọ̀rọ̀ sáà kẹta kò dé ọ̀dọ̀ wọn rárá, ṣùgbọ́n òmíràn yóò dé. Aṣòfin ìpínlẹ̀ kì í ṣe àjèjì. A mọ ilé rẹ̀, a ń pàdé rẹ̀ níbi ìsìnkú àti ìgbéyàwó, ó ń wá kí wa nígbà ọdún. Ọ̀pọ̀ wa kì í bi í ju omi ẹ̀rọ, ọ̀nà àti owó ìrànwọ́ lọ. Ẹ fi ìbéèrè mẹ́ta kún un. Lórí ọ̀rọ̀ tí òfin sọ iye fún, ṣé wọ́n ka yín lọ́kọ̀ọ̀kan, àbí ariwo lẹ pa? Ṣé ẹ̀yin ìbá dì í bẹ́ẹ̀ bó bá jẹ́ ẹgbẹ́ kejì ló wà lórí oyè? Abala wo nínú ìwé òfin lẹ dúró lé?

Ẹni tó dìbò nítorí òfin yóò dáhùn láìwojú ẹnikẹ́ni, bí ìdáhùn rẹ̀ kò tilẹ̀ bá tiwa mu. Ẹni tó bá ní ẹgbẹ́ ló ní kí òun ṣe é, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ náà bá a wá ìbò. Tiwa ń bọ̀ ní 2027, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọn yóò sì kà á.